Ó ń jà, ó ń ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kò yí padà: báwo ni àwọn oníṣẹ́ mángà ṣe ń fi ìjà tọ́ ẹ̀dá ìtàn dàgbà?

Ayàwòrán_Ìkirè (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, gbogbo ilé. Mo ń ya ìtàn aláwòrán kan lọ́wọ́ ní ìlànà mángà ìjà ti àwọn ará Japan, mo sì ti parí orí márùn-ún. Olú ẹ̀dá ìtàn mi jẹ́ ọmọbìnrin kan tí ń fi ọ̀pá jà, tí ó ń wá ẹni tí ó dáná sun ilé olùkọ́ rẹ̀. Láàárín orí márùn-ún yìí, ó ti ja ìjà mẹ́fà, kò sì pàdánù ẹyọ kan. Mo fi iṣẹ́ náà han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí kì í ka mángà rárá. Ó kà á tán ní ìjókòó kan, ó yin àwòrán rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní bí òun bá fi orí kìíní àti orí karùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí òun rí ni pé ọ̀pá ọmọ náà ti gùn sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí pé òótọ́ ni.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń ka mángà. Mo mọ̀ nígbà tí ìjà kan bá sọ ẹ̀dá ìtàn di ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ṣé kí n jẹ́ kí ó pàdánù ni? Bí ó bá sì yẹ kí ó yí padà, ṣé inú ìjà gan-an ni kí ìyípadà náà ti hàn, tàbí lẹ́yìn ìjà, nígbà tí ó bá jókòó tí ó ń ronú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ tí ẹ mọ̀ dáadáa ṣàlàyé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a já òpin àwọn ìtàn àtijọ́ fún òun, kí ó má ka ìsàlẹ̀ o.

Adégòkè84 (Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́)

Jẹ́ kí ó fìdí rẹmi. Ìdáhùn mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú *Dragon Ball* tí Toriyama yà láti ọdún 1984 sí 1995, Goku, olú ẹ̀dá ìtàn náà, kò gba ife ẹ̀yẹ ìdíje ìjà tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ ọ́, kò sì gbà á nígbà kejì. Jackie Chun ni ó kọ́kọ́ borí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Tenshinhan, ìgbà kẹta ni ó tó ṣẹ́gun, nígbà tí ó bá Piccolo jà. Ẹni tí ó ti rí i tí ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì yóò mọ iye tí ìṣẹ́gun ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà tó. Ọmọ tìrẹ ti jẹ oyin tán kí ó tó débi tí oyin wà.

Àbẹ̀ní_Òǹkàwé (Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Ẹ má bínú, Adégòkè, ẹ ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fo ohun tí ó mú kí ó wúlò. Jackie Chun kì í ṣe àjèjì. Roshi, olùkọ́ Goku fúnra rẹ̀, ni ó wọ irun àtọwọ́dá tí ó sì bá àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ díje, kí wọ́n má baà rò pé kò sí ẹni tí ó lágbára jù wọ́n lọ mọ́. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ní ìdí tí ó fi fẹ́ kí Goku pàdánù. Ìpàdánù kejì tún yàtọ̀. Tenshinhan ti fi agbára rẹ̀ fọ́ pèpéle ìjà túútúú, àwọn méjèèjì ń já bọ̀ láti òkè, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀ ni yóò pàdánù, Goku sì lọ kọlu ọkọ̀ kan tí ó ń kọjá, ó fi bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀ ṣáájú. Oríburúkú ni ó ṣe é, kì í ṣe àìlágbára. Ẹ̀kọ́ wo ni Goku fẹ́ kọ́ nínú ọkọ̀ tí ó kọlù ú?

Ẹni tí ó dàgbà nínú ìjà yẹn ni Tenshinhan. Olùkọ́ rẹ̀ ti pàṣẹ fún Chiaotzu pé kí ó máa fi agbára ìkọ̀kọ̀ de Goku mọ́lẹ̀. Nígbà tí Tenshinhan rí i, ó kọ̀, ó sì ṣàìgbọràn sí olùkọ́ tí ó tọ́ ọ dàgbà láti di apànìyàn, nítorí pé ó fẹ́ mọ ẹni tí ó jù láàárín òun àti Goku láìsí èrú. Ọmọkùnrin kan bọ́ lọ́wọ́ ilé tí ó ti jáde lójú gbogbo èèyàn, nígbà tí ìjà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, Goku fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìtàn rẹ̀. Àwọn tí ó bá jà ni ó ń yí padà. Piccolo gba Gohan, ọmọ Goku, sọ́dọ̀ láti fi í ṣe ohun ìjà lásán, nígbà tí Nappa, ọ̀tá wọn, sì fẹ́ pa ọmọ náà, Piccolo fi ara rẹ̀ bò ó, ó sì kú. Nítorí náà, kí o tó yí ọmọbìnrin rẹ padà, Ayàwòrán, bi ara rẹ léèrè bóyá òun ni ó yẹ kí ó yí padà ná.

Tóbi_Ewé (Ọjọ́ Ajé, 9:42 alẹ́)

Rock Lee àti Gaara nínú *Naruto*, nígbà tí wọ́n pàdé nínú ìdánwò àwọn ọ̀dọ́ ninja. Lee kò lè ṣe idán ninja kankan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ni ó ní. Ó bọ́ àwọn irin wúwo tí ó so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì balẹ̀, eruku sọ bí ẹni pé ilé wó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ṣì pàdánù, Gaara sì rún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó tún dìde dúró nígbà tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, olùkọ́ rẹ̀ ni ó rí i tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹ́gun nínú ìdánwò yẹn, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ_Olùkọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Mo fara mọ́ Àbẹ̀ní ju Adégòkè lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ohun kan kún un. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìdàgbàsókè jẹ́ ohun rere nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a wo *Hunter × Hunter* tí Togashi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, nítorí pé ó ya ojú méjèèjì.

Ojú kìíní ni ti Killua. Inú ìdílé tí ń pa èèyàn jẹun ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Illumi sì ti kọ́ ọ pé bí ọ̀tá bá lágbára jù ú, kí ó sá. Nígbà ìdánwò tí èèyàn fi ń di Hunter, Illumi dúró níwájú rẹ̀, Killua sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ láìju ẹ̀ṣẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ orí kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Ó kọ́ iṣẹ́, agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, àwa òǹkàwé sì rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti tán. Ṣùgbọ́n Bisky tí ó kọ́ ọ sọ fún un lójúkojú pé lọ́jọ́ kan yóò sá fi Gon, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sílẹ̀ láti kú. Ìgbà tí ó wá ń bá ọ̀kan nínú àwọn èèrà aṣebi, ẹ̀dá abàmì tí ó jọ èèyàn, jà, tí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó sá, ni ó fi ìka ara rẹ̀ ya iwájú orí rẹ̀, tí ó sì fa abẹ́rẹ́ kan yọ. Illumi ni ó ti fi abẹ́rẹ́ náà síbẹ̀. Ìjà tó kù kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ kíyè sí i pé Togashi kò fi àkókò ṣòfò lórí bí ó ṣe pa ọ̀tá náà. Abẹ́rẹ́ yẹn ni ìjà.

Ojú kejì ni ti Gon. Kite, tí ó dà bí olùkọ́ fún un, kú nítorí rẹ̀, Gon sì fún ara rẹ̀ ní ìrètí pé Neferpitou, èèrà tí ó pa á, yóò wò ó sàn. Nígbà tí Pitou sọ fún un pé Kite ti kú pátápátá, Gon ta gbogbo ọjọ́ iwájú rẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ di àgbàlagbà ní ìṣẹ́jú kan kí ó lè ní agbára tí yóò pa ọ̀tá rẹ̀. Ó sì pa á. Ọmọ kan wọ ara àgbàlagbà, ó dàgbà ní ti gidi, ìdàgbà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Èmi kò mọ ẹni tí ó ti fi ìṣẹ́gun ṣe ìparun ẹni tí ó ṣẹ́gun ṣáájú Togashi.

Ògbólògbòó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:05 àárọ̀)

Ọmọ_Olùkọ́, o sọ̀rọ̀ tó dùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò dúró. Wọ́n ti ṣe é kí a tó bí ọ. *Ashita no Joe* bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, ó sì parí ní 1973. Tetsuya Chiba ni ó ya á, Ikki Kajiwara ni ó kọ ọ́ ní orúkọ mìíràn. Joe jẹ́ ọmọ ìgboro tí kò ní òbí, akànṣẹ́ ni, Rikiishi sì ni abánidíje rẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n àwọn ọmọdé. Rikiishi sanra jù ú lọ, nítorí náà ó fi ebi àti òùngbẹ dín ara rẹ̀ kù títí ó fi lè wọ ìpele tí Joe wà. Wọ́n jà, Rikiishi borí, ó sì kú lẹ́yìn ìjà náà. Àwọn òǹkàwé ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ débi pé ní oṣù kẹta ọdún 1970, nǹkan bí 700 èèyàn péjọ síbi ìsìnkú tí wọ́n ṣe fún un ní Kodansha, ilé iṣẹ́ tí ó tẹ ìtàn náà jáde, fún ẹni tí a fi yíǹkì yà.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Joe lẹ́yìn náà. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó gbá Rikiishi ní ẹ̀bátí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, kò sì lè gbá ọ̀tá kankan lórí mọ́. Agbára rẹ̀ ṣì wà, ìmọ̀ rẹ̀ ṣì wà, ara rẹ̀ ni ó kọ̀ jálẹ̀. Ìjà kan ti dí ọwọ́ rẹ̀, ìjà mìíràn ni ó sì ní láti tú u. Ìyẹn ni mo pè ní ìdàgbàsókè nínú ìjà, àbúrò Ayàwòrán: kí ìjà àná máa dí ọ̀nà fún ìjà òní. Ìjà mẹ́fà tí ọmọ rẹ ti jà, èwo nínú wọn ni ó ṣì ń dùn ún?

Ọmọ_Olùkọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo gbà pé mo yá ẹnu.

Ayàwòrán_Ìkirè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n Ògbólògbòó bi mí gún mi lọ́kàn. Mo padà lọ wo àwọn ojú ìwé mi, kò sí ìjà kankan tí ó dùn ún. Ó máa ń nu ojú, á gbé ọ̀pá rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ tẹ́lẹ̀. Ìjà kẹfà ni ìjà tí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, ẹni tí wọ́n jọ kọ́ ọ̀pá lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà. Ọ̀rẹ́ yìí mọ ẹni tí ó dáná, ó sì kọ̀ láti sọ. Nínú ohun tí mo yà, wọ́n jà fún ojú ìwé 22, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tó yá ọ̀rẹ́ náà sunkún ó sì jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fo àwọn ọ̀rọ̀ náà. Báwo ni ìjà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ṣe yẹ kí ó rí?

Tóbi_Ewé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 alẹ́)

Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Mo fẹ́ràn *Naruto*, àmọ́ ohun tí ó bà á jẹ́ lójú mi ni pé ọmọ náà máa ń fi ẹnu ṣẹ́gun. Ó bá Neji sọ̀rọ̀, ó bá Gaara sọ̀rọ̀, ó bá Nagato sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì gbọ́. Ní ilé ayé, ta ni ó ń gbọ́ ìwàásù nígbà tí wọ́n ń lù ú?

Làbákẹ́_L (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 alẹ́)

Tóbi, mi ò fara mọ́ ọn. Padà lọ ka ìtàn Zabuza, apànìyàn tí ó tọ́ ọmọ kan tí ń jẹ́ Haku dàgbà, kì í ṣe pẹ̀lú ìrántí ìgbà èwe rẹ. Haku ti fi ara rẹ̀ gba ẹ̀ṣẹ́ tí ó yẹ kí ó pa Zabuza, ó ti kú. Zabuza ní irinṣẹ́ lásán ni ọmọ náà jẹ́ fún òun. Lẹ́yìn náà ni Naruto pariwo sí i, tí Zabuza fi sunkún. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ikú Haku, kò ní í wọ etí ẹnikẹ́ni. Òkú tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, Naruto kàn yá a ní ẹnu ni. Ohun tí ó burú ni ọ̀rọ̀ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo gbà fún ọ pé ti Nagato gùn jù, ṣùgbọ́n má fi kan da gbogbo rẹ̀ nù.

Ní ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ìjà tí mo máa ń padà sí ni ti Luffy àti Usopp nínú *One Piece*, ìtàn àwọn ajalèlókun. Wọ́n ti sọ fún wọn pé igi ìdí ọkọ̀ wọn, Merry, ti ṣẹ́, kò sì ṣeé tún ṣe. Luffy tí ó jẹ́ ọ̀gá pinnu pé wọn yóò gba ọkọ̀ mìíràn. Usopp kò gbà, nítorí pé ìlú rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti wá, ó sì ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá lè pààrọ̀ ọkọ̀ tí kò lágbára mọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pààrọ̀ òun náà. Ó pe Luffy níjà. Gbogbo wa mọ ẹni tí yóò borí. Usopp pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ó fi ẹ̀tàn, ẹyin jíjẹrà àti gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀ jà, èyí tí ọ̀rẹ́ nìkan lè mọ̀, ó sì pàdánù.

Kò sí ẹni burúkú nínú ìjà yẹn. Mi ò rí ẹni tí mo lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Luffy ṣẹ́gun, ó sì rìn padà bí ẹni tí ó pàdánù, Zoro, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, sì rán an létí pé ẹrù ọ̀gá ni ìyẹn. Ó pẹ́ kí ìyípadà Usopp tó dé, kì í ṣe inú ìjà náà ni ó ti dé: ó gbé ìbòjú wọ̀, ó dara pọ̀ mọ́ wọn láti jà ní Enies Lobby, ibùdó ọ̀tá wọn, ní orúkọ ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ni Zoro dúró lórí ọ̀rọ̀ kan pé bí Usopp kò bá tọrọ àforíjì, kò ní í padà. Usopp sì tọrọ rẹ̀ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ó ń pariwo láti etí omi nígbà tí ọkọ̀ ti ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí Ayàwòrán mú ni pé ìjà náà gbin nǹkan, ọ̀pọ̀ orí lẹ́yìn rẹ̀ ni ó tó so. Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ inú ìtàn rẹ fi ní láti jẹ́wọ́ lójú ìwé kejìlélógún?

Adégòkè84 (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́)

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì ti tún ọ̀rọ̀ mi rò díẹ̀. Mo ṣì sọ pé kí ó pàdánù, àmọ́ mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ tó sàn ju ti àná rọ́pò rẹ̀. Nínú *My Hero Academia*, Midoriya àti Todoroki pàdé ní ìdíje ilé ẹ̀kọ́. Apá kan ara Todoroki ń mú yìnyín jáde, apá kejì ń mú iná jáde, ó sì ti búra pé òun kò ní í lo iná náà nítorí pé ti bàbá òun ni, bàbá tí ó ba ilé jẹ́. Midoriya ń ṣẹ́ ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti dènà yìnyín, ó wá pariwo sí i pé agbára tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Todoroki tan iná náà. Iná yẹn ni ó sì fi borí Midoriya.

Ẹ rí i pé ó bá ọ̀rọ̀ Àbẹ̀ní mu: ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ó yí padà, ẹni tí ó pàdánù ni ó yí i. Ó bá ti Làbákẹ́ mu pẹ̀lú, nítorí pé ìka tí ó ṣẹ́ ni owó tí Midoriya san kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọlé.

Ìyá_Àwòrán (Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé ni èmi fẹ́ sọ, nítorí pé èmi náà ń yàwòrán.

Púpọ̀ nínú àwọn ìtàn tí ẹ dárúkọ jáde nínú *Weekly Shonen Jump*, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Orí kan lọ́sẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bí ojú ìwé 19. Káàdì tí àwọn òǹkàwé ń kọ èrò wọn sí tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ wà nínú ìwé náà, ìtàn tí káàdì rẹ̀ bá sì ń kéré sí i lè dópin láìpẹ́. Ìyẹn ni ó fa púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àṣà mángà ìjà: ìparí orí tí ń já wa láyà, ìdíje tí ń mú ọ̀tá tuntun wá lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjà tí ó gba oṣù mẹ́ta. Ayàwòrán, kò sí ẹni tí ó ń fi káàdì lé ọ. Ojú ìwé 22 fún ìjà kan kì í ṣe ọ̀ranyàn. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe àfarawé gígùn ìjà láìní ìdí tí ó fi gùn.

Èyí tí mo ń ṣe nìyí. Kí n tó ya ìjà, mo máa ń ya àpótí méjì péré: ojú ẹ̀dá ìtàn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, àti ojú rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá lè pààrọ̀ méjèèjì tí kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀, mi ò tíì ní ìjà, eré ìdárayá ni mo ní. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá àpótí kẹta, ìyẹn ibi tí ojú àkọ́kọ́ ti di ojú kejì, ibẹ̀ ni mo sì máa ń fún ní ààyè tó pọ̀ jù lórí ìwé. Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ kankan sí àpótí yẹn. Àwọn tó mọṣẹ́ jù mí lọ ń fi ọ̀rọ̀ sí i, ó sì ń gbà fún wọn.

Ọmọ_Olùkọ́ (Ọjọ́rú, 1:30 ọ̀sán)

Ìyá_Àwòrán, ohun tí ẹ sọ mú mi rántí *Fullmetal Alchemist* ti Hiromu Arakawa, tí kò sí nínú Jump. Mustang, ọmọ ogun tí ń fi iná jà, rí Envy, ẹni tí ó pa Hughes ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń sun ún léraléra. Agbára rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Hawkeye, ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù, ni ó na ìbọn sí i láti ẹ̀yìn pé kí ó dáwọ́ dúró. Ó sì dáwọ́ dúró. Ibi tí ó ti sọ ọwọ́ kalẹ̀ ni àpótí kẹta tí ẹ ń wí.

Kọ́lápọ̀_Òkè (Ọjọ́rú, 6:11 ìrọ̀lẹ́)

Èmi gbà pé ìjà tí ó tọ́ ẹ̀dá ìtàn dàgbà jù lọ ni èyí tí kò jà. *Vinland Saga* ti Makoto Yukimura bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Askeladd àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa bàbá Thorfinn, ọmọ náà sì tẹ̀ lé apànìyàn bàbá rẹ̀ káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń jà fún un kí ó lè rí àǹfààní láti bá a jà, àwọn méjì péré. Kò borí rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn ni ó pa Askeladd, ẹ̀san bọ́ lọ́wọ́ Thorfinn, kò sì kù nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n tà á lẹ́rú sí oko kan ní Denmark, ibẹ̀ ni ó ti ń roko, tí àwọn tí ó ti pa ń wá bá a lójú àlá, títí tí ó fi búra pé òun kò ní í hu ìwà ipá mọ́. Nígbà tí Canute ọba mú ogun wá gba oko náà, Thorfinn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀ṣẹ́ 100. Ó dúró, Canute gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ 100, kò sì gbá a padà.

Fún Ayàwòrán: ọmọbìnrin rẹ náà ń wá ẹ̀san. Ẹlòmíràn ńkọ́ tí ó bá ti pa ẹni tí ó dáná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Àbẹ̀ní_Òǹkàwé (Ọjọ́rú, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Canute kọ́ ni ó gbá a. Drott, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ni. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé Drott kò ní ìjà kankan pẹ̀lú Thorfinn tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ náà sì ń parí lọ, ojú tí ó fi ń wò ó ti di ti ẹni tí ń bọ̀wọ̀ fún jagunjagun.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ pé kí Ayàwòrán má sáré sí ibẹ̀. Yukimura ti fi gbogbo ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ títí dé ìkẹjọ ya Thorfinn bí ẹranko tí ń jà. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ̀ṣẹ́ 100 kò ní ìtumọ̀. Ẹni tí kò lè jà tí kò sì jà kò tíì yan nǹkan kan.

Kọ́lápọ̀_Òkè (Ọjọ́rú, 6:58 ìrọ̀lẹ́)

Òótọ́ ni, Drott ni. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ inú ìtàn Ayàwòrán ti ja ìjà mẹ́fà, ó sì ti borí nínú gbogbo rẹ̀. A ti mọ̀ pé ó lè jà.

Ògbólògbòó (Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́)

Kọ́lápọ̀ gbá góòlù wọlé síbẹ̀. Ìjà mẹ́fà tí kò dùn ún yẹn ti wúlò fún nǹkan kan báyìí. Má fà wọ́n ya, àbúrò.

Ayàwòrán_Ìkirè (Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́)

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì, mo wà nídìí tábìlì láti àná. Èyí ni ohun tí mo ti ṣe. Mo tẹ̀ lé Ìyá_Àwòrán, mo ya ojú méjì méjì fún ìjà kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́fà, márùn-ún ni mo lè pààrọ̀ láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Mo fi mẹ́rin sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Ògbólògbòó ti wí. Ìjà kẹta ni mo ń tún yà: ọkùnrin kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iná náà ni ó bá jà, ó ṣẹ́ ẹ ní ọrùn ọwọ́, lẹ́yìn náà ni ó wá mọ̀ pé agbẹ́gilére ni, ọwọ́ yẹn ni ó fi ń jẹun. Yóò tún rí ọkùnrin náà lórí karùn-ún, ní ọjà, kò sì ní í jà.

Ìjà ọ̀rẹ́ ti di ojú ìwé mẹ́sàn-án. Mo yọ gbogbo ọ̀rọ̀ kúrò, ó ku gbólóhùn mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ náà kò jẹ́wọ́ mọ́. Ọmọbìnrin mi ti ní ọ̀nà láti gbá a ní ọrùn ọwọ́, bí ó ti gbá agbẹ́gilére, àmọ́ ọ̀pá náà dúró ní agbedeméjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí àyè náà, ó sì borí rẹ̀. Ó ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sí méjì. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì mọ̀ ni irú ọ̀pá tí yóò mú ní orí kẹfà.

Tóbi_Ewé (Ọjọ́bọ̀, 10:09 alẹ́)

Ìdajì èyí tí ó ṣẹ́. Fi han ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kí o wá sọ ohun tí ó wí fún wa.

Ìyá_Àwòrán (Ọjọ́ Ẹtì, 5:44 àárọ̀)

Mo fara mọ́ Tóbi. Kí o sì rántí pé bí ọ̀pá bá kúrú, ó ní láti sún mọ́ ẹni tí ó ń bá jà. Gbogbo ìdúró rẹ̀ ni ìwọ yóò tún yà.